Ibi Tí Àna Ń Jókòó Sí Lórí Alùpùpù

Bí ẹ bá bi àwọn àgbà Manigri pé ta ló kọ́kọ́ mọ alùpùpù jókòó lé nílùú wọn, wọn kò ní dárúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ní in. Ẹni tó kọ́kọ́ ní in ni Alaaji kan tó ń ra iṣu ní Bassila. Ó gùn ún fún ìgbà díẹ̀, ìbàdí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀, ló bá ní kí wọ́n gbé nǹkan burúkú náà kúrò lójú òun. Lassissi ni wọn yóò dárúkọ fún yín, nítorí pé ohun tí àwọn yòókù ń bá jìjàkadì ni òun jókòó lé pẹ̀sẹ̀ bí ẹni jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀.

Ayé Faransé ni mò ń wí o, nígbà tí Dahomey ṣì wà lábẹ́ wọn. Ogun ńlá àwọn òyìnbó ti parí, àwọn ọmọ wa tí ikú kò pa ti padà wálé. Lassissi wà lára wọn. Lẹ́nu iṣẹ́ sójà ló ti kọ́ alùpùpù, tó ń gbé iṣẹ́ àwọn ọ̀gá kiri láti ibùdó kan sí èkejì. Nígbà tó délé, ó padà sídìí ebè iṣu bí gbogbo ọmọ Manigri, ṣùgbọ́n Alaaji gbọ́ pé ó mọ irin náà í gùn, ó sì gbé e fún un pé kó máa bá òun jíṣẹ́ lọ sí Pénéssoulou àti Djougou, níbi tí àwọn oníbàárà òun wà. Bí alùpùpù ṣe di ti Lassissi nìyẹn, nítorí Alaaji kò bèèrè rẹ̀ mọ́ títí ó fi kú.

Ẹ má rò pé ó bá ìgbádùn níbẹ̀. Ojú rẹ̀ rí màbo. Bó bá lọ Djougou bọ̀, á máa rìn bí akàn, ọwọ́ rẹ̀ á sì ti kú débi pé ìyàwó rẹ̀, Rabiatou, ló ń gbé igbá omi sí i lẹ́nu. Àwọn aládùúgbò ní àìsàn òyìnbó ló kó wálé. Ẹnì kan tilẹ̀ sọ fún un pé irin gbígbóná tó ń há sí itan ni kò jẹ́ kí ọmọ ìyàwó rẹ̀ máa dúró. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún wọnú egungun, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ni Rabiatou ti bímọ nínú ilé, tí wọ́n sì gbé ọmọ náà lọ sin kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ.

Díẹ̀díẹ̀ ni Lassissi rí i pé kì í ṣe irin ló ń fìyà jẹ òun, bí òun ṣe ń jókòó ni. Ó ní ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ le gbagidi, kò sì gbọdọ̀ tẹ̀ bí ẹ̀yìn ẹni tó ń kọ ebè. Orúnkún ni èèyàn fi ń di alùpùpù mú, kì í ṣe ọwọ́. Ọwọ́ kàn ń ṣe bí ẹni di òròmọdìẹ mú ni: bí o bá fún un jù, o pa á, bí o bá tú u jù, ó sá lọ. Bí kòtò bá ń bọ̀, kí o nàró díẹ̀ lórí ẹsẹ̀, kí orúnkún gba ohun tí ìbàdí kò lè gbà. Ó fi òwú àràbà kún ìjókòó náà, ó fi awọ ewúrẹ́ bò ó, ó sì ń sọ̀kalẹ̀ nà kí ara tó ro ó, kì í dúró dìgbà tí ara bá ro ó tán. Láti ìgbà náà ló ti ń lọ tó ń bọ̀, tí kò sì sí ẹni tó tún gbé igbá sí i lẹ́nu.

Ó ní ọ̀rọ̀ kan fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gùn ún lẹ́yìn. “Sún mọ́ mi. Di ìbàdí mi mú. Bí mo bá tẹ̀, kí o tẹ̀. Bí o bá fẹ́ dá wà láyè ara rẹ, ẹsẹ̀ rẹ nìyẹn, máa fi rìn.” Ó wí i fún ọ̀rẹ́, ó wí i fún àlejò, ó wí i fún olórí àdúgbò kan tó fẹ́ máa ṣe bí ọba lẹ́yìn rẹ̀. Àmọ́ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ì bá wúlò jù lọ, ẹnu ara rẹ̀ ni kò gbà á, nítorí àna rẹ̀ ló fẹ́ gbé.

Àna yìí ni Àsùmáù, ìyá Rabiatou, opó tó ń dáko iṣu fúnra rẹ̀ tí kò sì bẹ ọkùnrin kankan ní ọ̀wẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ àna ṣe rí. Ní agboolé tiwọn, ọkùnrin kì í bá ìyá ìyàwó rẹ̀ jókòó lórí ẹní kan, kì í jẹun lójú rẹ̀, ara wọn kò sì gbọdọ̀ kan ara wọn. Látìgbà tí Lassissi ti fẹ́ Rabiatou, Àsùmáù kò pe orúkọ rẹ̀ rí. “Ọkọ ọmọ mi” ló ń pè é, ilẹ̀ ló sì ń wò bó bá ń bá a sọ̀rọ̀. Kò sí ìjà láàárín wọn o. Ọ̀wọ̀ ni, ọ̀wọ̀ tó pọ̀ débi pé wọn kò mọ ara wọn.

Nígbà tí oyún kẹta tí Rabiatou ní di oyún oṣù kẹsàn-án, Lassissi kò jẹ́ kó bímọ nílé. Ó gbé e lọ sí Bassila, sí ilé ìwòsàn kékeré tí Issa ti ń tọ́jú àwọn aláìsàn. Issa jẹ́ ọmọ Bassila, ó kàwé Faransé, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Rabiatou rọbí tílẹ̀ fi ṣú, tílẹ̀ tún mọ́, tí ọmọ kò wá, ìbàlẹ̀ ara Issa dínkù. Orí ló bá a ṣe é ṣáá ni, dókítà òyìnbó kan tó ń yí àgbègbè náà ká dé sí Bassila ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ọmọ náà dábùú, àfi kí òun gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Djougou, kí wọ́n la ikùn rẹ̀ níbẹ̀.

Rabiatou ní òun kò lọ.

Lassissi rò pé ìrora ló ń sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀ ẹ́. Issa bẹ̀ ẹ́. Ó ṣẹ́jú wò wọ́n, ó ní, “Djougou ni wọ́n gbé Roukayatou lọ. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá mi kò rí ojú rẹ̀ mọ́. Bí ìyá mi kò bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi mí lé yín lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí n kú síbi tó ti lè rí mi.”

Roukayatou ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àìsàn ti jẹ ẹ́ tán kí wọ́n tó gbé e lọ ní ọdún náà, kò sí ẹni tí a lè dá lẹ́bi, ṣùgbọ́n Djougou ni wọ́n sin ín sí. Dókítà bèèrè ohun tí obìnrin náà wí, Issa túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ọkùnrin náà na ìka sí oòrùn. Ó ní òun yóò dúró títí oòrùn yóò fi dé àárín orí. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, kò ní sí ohun tí òun lè ṣe mọ́, bí wọ́n tilẹ̀ gbé e dé Djougou.

Lassissi ti ta alùpùpù nípàá kí Issa tó túmọ̀ ìyẹn tán.

Bó ṣe dé Manigri ni ó bá Àsùmáù ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń to iṣu tuntun. Kò kí i. Bóyá òun ni ọkùnrin àkọ́kọ́ tí kò ní kí àna rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. “Ìyá, Rabiatou ń pè yín. Ọmọ dábùú. Wọ́n fẹ́ gbé e lọ sí Djougou, kò gbà láìrí yín.”

Obìnrin náà dìde bí ẹni tí iná jó. Ó fi ọ̀já gbá ara lámùrè, ó bọ́ sóde, ó rí alùpùpù, ó sì dúró. Lassissi náà dúró. Àwọn méjèèjì ń wo ìjókòó olówùú náà, olúkúlùkù sì mọ ohun tí ẹnì kejì ń rò. Ọ̀nà jìn fún ẹsẹ̀, kámíọ̀n kankan kò sì níí kọjá lọ́jọ́ náà. Bí ó bá jókòó, yóò di ìbàdí ọkọ ọmọ rẹ̀ mú. Bí kò bá dì í mú, yóò ṣubú.

Níbẹ̀ ni Lassissi ti dá ọgbọ́n kan tó jẹ́ pé ọmọ Manigri nìkan ló lè dá a. Àsùmáù ti sáré di díẹ̀ nínú iṣu tuntun náà sínú àpò kan kó tó jáde, nítorí pé ìyá kì í lọ síbi ìkúnlẹ̀ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Lassissi gbé àpò iṣu náà, ó fi dábùú àárín ìjókòó. Òun fúnra rẹ̀ sún síwájú, ó gun orí táńkì epo ẹsáǹsì. Ó ní kí ìyá jókòó lẹ́yìn pátápátá, lórí irin tí wọ́n ń di ẹrù mọ́, kí ó di ẹnu àpò mú. Iṣu di ògiri láàárín àna méjì. Ojú kò ti ẹnikẹ́ni, ọ̀wọ̀ wà ní ipò rẹ̀, wọ́n sì gbéra.

Háà, alùpùpù náà mọ̀ pé òun ń gbé àwọn aṣiwèrè. Gbogbo ohun tí Lassissi ti ń wàásù rẹ̀ fún ayé ló dojú rẹ̀ dé. Àpò ń ti í lẹ́yìn, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ká sí i níhà. Orúnkún rẹ̀ là gbagada, kò rí nǹkan fi mú. Kò lè nàró bí kòtò bá dé, nítorí bó bá nàró, àpò iṣu ló ń gba ipò rẹ̀. Gbogbo ìwúwo wà lẹ́yìn, táyà iwájú kàn ń fẹnu họ ilẹ̀ ni. Bó bá yí ọwọ́ sọ́tùn-ún, alùpùpù á kọ́kọ́ ronú ná. Lẹ́yìn rẹ̀, ó ń gbọ́ tí ìyá ń ké “Lá ìláà ílálàhú” ní gbogbo kòtò, kòtò sì pọ̀ ní àkókò òjò.

Wọ́n sọdá odò kékeré kan. Òkè wà níwájú. Lassissi fún un ní iná kí wọ́n lè gùn ún, táyà iwájú sì gbéra sókè bí ẹṣin tó rí ejò. Ó rí ọ̀run, ó rí ewé, ó sì rí ara rẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

Nígbà tó dìde, iṣu ń yí lọ sísàlẹ̀ òkè lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ́ńjìnnì ti kú, ẹ̀jẹ̀ ń dà ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ó wo oòrùn. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé ìtìjú ni òun fẹ́ fi pa Rabiatou, pé òun yóò fi ìyókù ayé òun máa sọ fún èèyàn pé iṣu ló pa ìyàwó òun. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó sì jẹ́ kó bọ́.

Àsùmáù ti dìde. Ẹrẹ̀ bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n egungun rẹ̀ pé. Ó wo àwọn iṣu tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn, kò ṣa ẹyọ kan. Ó bi í pé, “Ọkọ ọmọ mi, bí ìyàwó yín bá gun nǹkan yìí, báwo ló ṣe ń jókòó?”

Lassissi wo ilẹ̀. “Ó máa ń sún mọ́ mi, ìyá. Ó máa ń dì mí mú.”

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. Ó tú ọ̀já lára. “Jókòó.”

Lassissi gbé alùpùpù nàró, ó ta á nípàá, ó jókòó sí ipò rẹ̀ gan-an. Àsùmáù gùn ún lẹ́yìn rẹ̀, ó la ẹsẹ̀ méjèèjì bí ọkùnrin, ó sún mọ́ ọn tí kò fi sí àyè. Ó fi ọ̀já náà yí ẹ̀yìn ara rẹ̀ ká, ó fà á wá síwájú, ó so ó le dan-in dan-in sí àyà Lassissi.

“Àna kì í di àna mú,” ló wí sí i létí. “Òótọ́ ni. Àmọ́ ọ̀já yìí ni mo fi pọ̀n Roukayatou, òun ni mo fi pọ̀n Rabiatou, kò sí ẹni tó ní mo ṣàìdáa. Ẹni tí mo bá fi ọ̀já so mọ́ra, ọmọ mi ni. Gbéra, Lassissi.”

Òótọ́ ni pé ọmọ ló wà níwájú tí ìyá wà lẹ́yìn, pípọ̀n tí ẹnikẹ́ni kò rí irú rẹ̀ rí. Ta ni yóò bá a jiyàn lójú òkè yẹn? Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Lassissi gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lẹ́nu àna rẹ̀. Ó ní, “Bí mo bá tẹ̀, ìyá, kí ẹ tẹ̀,” ó sì ki alùpùpù mọ́ òkè. Táyà iwájú mú ilẹ̀, ó jókòó. Bó bá tẹ̀, ìyá tẹ̀. Bó bá nàró fún kòtò, ìyá nàró pẹ̀lú rẹ̀, nítorí ọ̀já kò fún un ní yíyàn.

Báyìí ni wọ́n ṣe wọ Bassila. Gbogbo ọjà yíjú sí wọn. Obìnrin kan da ọwọ́ bo ẹnu. Lassissi kò wò wọ́n. Mọ́tò dókítà ti ń kùn, Issa sì dúró sí àárín títì tó ń ju ọwọ́ méjèèjì. Oòrùn kù díẹ̀ kó dé àárín orí.

Wọ́n ti gbé Rabiatou sórí ibùsùn nínú mọ́tò náà, ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé. Àsùmáù kúnlẹ̀ sínú mọ́tò pẹ̀lú gbogbo ẹrẹ̀ ara rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó fi sí ọwọ́ òyìnbó náà, ó ní kí Issa túmọ̀ rẹ̀: “Mo fi í lé ọ lọ́wọ́. Èmi náà ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ.” Rabiatou la ojú, ó rí i, ó ní, “Ó dáa,” ara rẹ̀ sì rọ̀ lórí ibùsùn. Lassissi tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn mọ́tò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ó sì lọ yí alùpùpù sí ọ̀nà Djougou. Ìdajì ẹrù ti kúrò lórí rẹ̀.

Àyè kò sí nínú mọ́tò mọ́ nígbà tí Issa wọlé láti máa tọ́jú rẹ̀. Àsùmáù padà sídìí alùpùpù, ó gùn ún lẹ́yìn Lassissi, ó so ọ̀já.

Ọ̀nà Djougou kì í ṣe eré. Ẹni tó ti lò ó fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ìbàdí ló ń ka ọ̀nà náà, kì í ṣe ojú. Ní Pénéssoulou, Lassissi dúró. Ìyá ní kí ló dé, Lassissi ní kó sọ̀kalẹ̀ kó na ẹsẹ̀. “Ara mi kò ro mí!” “Nítorí náà ni mo ṣe dúró, ìyá. Bí ẹsẹ̀ yín bá kú, báwo lẹ ó ṣe wọlé tọ Rabiatou?” Ó sọ̀kalẹ̀, ó nà, ó yí ọrùn, ó gbà pé òótọ́ ni. Ó tilẹ̀ fi ọwọ́ tẹ òwú àràbà inú ìjókòó náà, ó ní bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nílé kò rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín àwọn tí ẹ̀rù ṣì ń bà.

Lẹ́yìn Pénéssoulou, ìyá sọ̀rọ̀ sí i létí, kò pariwo.

“Ọdún Roukayatou, ẹsẹ̀ ni mo fi rin ọ̀nà yìí. Mo rìn, mo sùn lójú ọ̀nà, mo tún rìn. Nígbà tí mo dé, ilẹ̀ pupa ni wọ́n fi hàn mí. Wọ́n ní òun nìyẹn.”

Lassissi yí iná sí i, ìyá sì fún un mọ́ra.

Nígbà tí wọ́n dé Djougou, wọ́n ti gbé Rabiatou wọlé, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn. Àna méjèèjì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ilẹ̀ lásán ni wọ́n jókòó sí, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, kò sì sí èyí tó rántí pé kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Oòrùn ń rọlẹ̀. Àsùmáù ń fa ọ̀já náà láàárín ìka rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà.

Ilẹ̀kùn ṣí. Issa ló jáde, ẹ̀jẹ̀ wà lára aṣọ rẹ̀, Lassissi wo ẹ̀jẹ̀ náà, ó fò dìde. Ṣùgbọ́n eyín Issa ló kọ́kọ́ ṣáájú rẹ̀ jáde. “Obìnrin ni! Ó ti ké tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di wá létí! Ìyá rẹ̀ náà ti jí!”

“Alihamdulilai,” ni Lassissi wí, ó sì fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún àna rẹ̀ láti kí i kú ewu ọmọ. Ìbàdí tó ti gba gbogbo ọ̀nà náà kọ̀, ó wó gbọnrangandan sílẹ̀ bí àpò iṣu. Àsùmáù fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á dìde, ó nu ojú rẹ̀ fún un, wọ́n sì wọlé pọ̀.

Rabiatou dùbúlẹ̀, ọmọ wà ní apá rẹ̀ nínú aṣọ funfun, ó kéré bí iṣu àkọ́wà. Ohùn Rabiatou kò tíì le. Ó wo ìyá rẹ̀, ẹrẹ̀ tó ti gbẹ mọ́ ọn lára, irun tó rí gátagàta. “Ìyá mi, ẹsẹ̀ lẹ tún fi rìn wá?”

“Ẹsẹ̀ kẹ̀! Ọkọ rẹ ni mo pọ̀n wá.”

Rabiatou yí ojú sí Lassissi tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó rí i bó ṣe ń wo ilẹ̀, ó gbà pé òótọ́ ni, ẹ̀rín sì mú un. “Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín,” ló ń bẹ̀, tó di ikùn mú, “wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán mi ni.”

Àsùmáù ti kúnlẹ̀ sẹ́bàá ibùsùn, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ojú Rabiatou, ó sì fi í síbẹ̀. Ojú náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, kì í ṣe ilẹ̀ pupa. Ó ń rẹ́rìn-ín.